Fèrèsé lúfà ilé wa: ibi tí mo bá a dé

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ará. Mo bèèrè níjọ́sí bóyá kí n pààrọ̀ gbogbo fèrèsé lúfà ilé wa n'Íbàdàn, torí òjò ń wọlé. Ó ti yanjú.

Ẹni tó ní kí n yẹ igi férémù wọn wò kí n tó náwó, ẹ ṣeun gan-an. Mo fi ìṣó tẹ ìsàlẹ̀ férémù ẹ̀gbẹ́ tí òjò ti ń wá, ló bá wọlé bí ẹni ń gún mọ́ínmọ́ín. Ikán ti jẹ ẹ́ tán lábẹ́ ọ̀dà! Irú ìyẹn ò ṣe é tún ṣe, a yọ wọ́n dànù. Àwọn tó kù, igi wọn le koko; ohun tó di gíláàsì mú nìkan ló kán, òun nìkan la sì pààrọ̀.

Fèrèsé alumíníọ́mù tó ń ṣí síta la fi rọ́pò àwọn tí a yọ. Èyí tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdajì péré ló máa ń ṣí, ooru yàrá tí wọ́n wà ò sì kéré. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà ṣe ìsàlẹ̀ fèrèsé kó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síta, kí omi má baà dúró níbẹ̀. Òjò ńlá ti rọ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀kán kan ò wọlé. Ọ̀dà tuntun ló kù tí mo fẹ́ fi kun àwọn onígi.