Ẹ̀yin tó ti ṣèwádìí lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba, báwo lẹ ṣe rí òótọ́ gbọ́?

Ọmọ Ìlú Aró:
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Èmi bá àwọn olùwádìí kan láti òkè òkun ṣiṣẹ́ níbí ní Òṣogbo. Ìwé ìbéèrè onípele márùn-ún ni wọ́n fi ránṣẹ́, irú èyí tí Rensis Likert gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1932, láti “mo gbà gan-an” títí dé “n kò gbà rárá”. Ọ̀gá ló pín in, ọ̀gá ló gbà á padà. Gbogbo òṣìṣẹ́ tó dáhùn ló mú “mo gbà gan-an”.

Ẹ má pè wọ́n ní òpùrọ́ o. Bí ọ̀gá bá bínú, ó lè gbé èèyàn lọ sí ìlú tí kò ti mọ ẹnì kankan. Ìbéèrè tó sì le jù ni bóyá òṣìṣẹ́ ń fi àsìkò iṣẹ́ ṣe òwò tirẹ̀. Láàárín 2015 sí 2018, ààbọ̀ owó oṣù ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ yìí ń gbà. Ìdí ọjà, oko àti ọ̀kadà ni àwọn mìíràn ti rí oúnjẹ ọmọ. Ta ni yóò fi bírò kọ ìyẹn?

Stanley Warner ti fi ọgbọ́n kan hàn ní 1965 tó ń bo àṣírí ẹni tó ń dáhùn. Àwọn tó tẹ̀lé e sọ ọ́ di jíju owó onírin sókè. Ta ló ṣì ń ná owó onírin ní Ọjà Ọba? Dáìsì lúdò la lò. Ẹni tí à ń bi yóò jù ú, òun nìkan ni yóò wò ó. Bó bá jẹ́ 1, 2 tàbí 3, kó sáà ní “bẹ́ẹ̀ ni”. Bó bá jẹ́ 4, 5 tàbí 6, kó sọ òótọ́. Ká ní èèyàn 100 dáhùn, nǹkan bí 50 ni dáìsì máa mú sọ “bẹ́ẹ̀ ni”. Bí “bẹ́ẹ̀ ni” bá wá jẹ́ 70, 20 tó lé yẹn ti inú 50 tó sọ òótọ́ wá: ìyẹn 40 nínú 100. Bí ọ̀gá gba ìwé náà lọ́wọ́ wa, kò rí ẹnì kan mú.

Àmọ́ ó ń fẹ́ èrò púpọ̀. Ní ọ́fíìsì ẹlẹ́ni mẹ́wàá, kò wúlò. Àwọn kan sì wà tí ẹ̀rù “bẹ́ẹ̀ ni” ń bà débi pé dáìsì ní kí wọ́n sọ ọ́, wọn ò sọ ọ́.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀gbọ́n, àwọn tèmi kò jẹ́ kí n dé ìdí dáìsì rárá. Fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda, ìwé tí èèyàn fi ń gbà pé òun yóò dáhùn, ló lé wọn. Ìwé tí àjèjì bá ní kí wọ́n fọwọ́ sí, wọ́n á ní ti gbèsè ni tàbí ti ẹgbẹ́ òṣèlú. Mo kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwádìí ní yunifásítì wa, wọ́n sì gbà kí n máa fẹnu gba ìyọ̀ǹda. N kì í kọ orúkọ, n kì í gba ohùn sílẹ̀. Ilé wọn ni mo ń lọ, ẹni tí wọ́n mọ̀ ló sì ń mú mi wọlé.

Ọmọ Ìlú Aró:
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ kàn ṣọ́ra: ẹni tó mú yín wọlé, àwọn tó bá a ṣe ẹgbẹ́ kan náà ló máa mú yín lọ bá. Ẹ wá ẹlòmíràn ní ìhà kejì kó tún mú yín dé ọ̀dọ̀ tiwọn.