Inṣọ́ránsì fún Coaster tí a sọ di ilé: ta ló lè gbà á?

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Coaster kan wà nílẹ̀ n'Ìkẹ́rẹ́ tí a ti sọ di ilé. Bẹ́ẹ̀dì ẹni méjì wà nínú rẹ̀, táńkì omi onílítà 200, sílíńdà gáàsì 12.5kg, sólà méjì lórí òrùlé, bátìrì lithium kan àti inverter 2000W. Àga mẹ́rin péré ló kù lẹ́yìn ti awakọ̀. Ìwé ọkọ̀ ṣì ń pè é ní akérò, nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ pupa. Ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì kan ní third party, èyí tó ń san fún ẹlòmíràn tí ọkọ̀ bá ṣe ní jàǹbá, nìkan ni àwọn lè ṣe fún un. Òmíràn ní àwọn kì í gba irú rẹ̀ rárá. Ọkọ̀ àti iṣẹ́ inú rẹ̀ ti tó ₦30 mílíọ̀nù. Comprehensive, èyí tó ń san fún ọkọ̀ tèmi náà, ni mo ń wá. Ibo ni kí n gbé e gbà?

Alágbàtà_Adó:
Ẹ kú làálàá. Kí ẹ tó dé ilé iṣẹ́ kẹta, ẹ tún ìwé ọkọ̀ ṣe ná. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì yẹn ló ń lé wọn sá. Ìwé ní akérò ni, ẹni tó wọnú ọkọ̀ sì bá yàrá níbẹ̀. Ta ló máa buwọ́ lu ₦30 mílíọ̀nù lórí irú ìyẹn? Bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ dì mú láti má sanwó nìyẹn.

Ẹ kó ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, ìwé ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀, ìwé ọdún tó wà lọ́wọ́ àti rìsíìtì wẹ́dà pẹ̀lú káfíńtà lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ l'Adó. Ẹ ní kí wọ́n yí ìlò ọkọ̀ padà, láti ti akérò sí ti ara ẹni, kí wọ́n sì yí iye àga padà. Ìyípadà ìlò yìí ló máa mú nọ́ńbà kúrò ní pupa bọ́ sí búlúù. Àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, náà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń báni ṣe ìwé níta ọ́fíìsì: ọ̀pọ̀ wọn á kàn sọ ìwé dọ̀tun fún ọdún kan sí i, àpèjúwe àtijọ́ á ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má bá ẹni tó jókòó sídìí káńtà sọ ọ́. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, akérò, akẹ́rù ló wà lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀; bí kò bá ti rí tiyín níbẹ̀, á ní kò sí. Ẹ wá bròkà (alágbàtà inṣọ́ránsì) tó ní ìwé àṣẹ NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso inṣọ́ránsì, kó gbé fáìlì yín dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń díwọ̀n ewu ní olú ilé iṣẹ́. Ohun tó máa wà nínú fáìlì ni fọ́tò ìta láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fọ́tò inú, nọ́ńbà ṣáásì àti ti ẹ́ńjìnnì, gbogbo rìsíìtì, àti lẹ́tà ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó díye lé dúkìá.

Ní ti owó, third party ọkọ̀ ara ẹni jẹ́ ₦15,000 láti January 1, 2023. Ikú tàbí ìpalára ẹlòmíràn àti dúkìá ẹlòmíràn tí ọkọ̀ yín bá bà jẹ́ ló ń san, ti dúkìá kò sì lè kọjá ₦3 mílíọ̀nù. Ọkọ̀ tiyín kò sí níbẹ̀ rárá. Comprehensive ńkọ́? NAICOM ní kò gbọdọ̀ dín sí 5% iye ọkọ̀, ìyẹn ₦1.5 mílíọ̀nù lórí ₦30 mílíọ̀nù. Ẹni tó bá ní òun á ṣe é ní ₦300,000, ẹ sá fún un. Bí ìwé bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ wò ó lórí askNIID, ojú òpó ayélujára tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá inṣọ́ránsì ọkọ̀ jẹ́ ojúlówó, lọ́jọ́ náà gan-an.

Réwáyà_Ajílósùn:
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ nípa ìwé. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó máa yẹ ọkọ̀ wò bá dé, ìdí gáàsì àti ìdí wáyà ló máa pẹ́ sí jù.

Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, ilẹ̀ ló máa lọ kó jọ sí, fèrèsé tẹ́ ẹ ṣí sókè kò ní gbé e jáde. Nítorí náà, ẹ ṣe àpótí tirẹ̀ fún sílíńdà, kó jẹ́ pé ìta nìkan lèèyàn ti lè ṣí i, kí ihò wà nísàlẹ̀ àpótí tó bọ́ sí ìta, kó sì jìnnà sí sáláńsà. Òòró ni kí sílíńdà dúró, kí bẹ́líìtì dì í. Ẹ fi omi ọṣẹ dán gbogbo oríkèé rọ́bà wò. Ibi tó bá ń hó ló ń jò. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ ti orí sílíńdà pa.

Inverter 2000W lórí bátìrì 12V ń fa nǹkan bí 167A. Tẹ́ ẹ bá ka èyí tó ń ṣòfò mọ́ ọn, ó ń lọ sí 190A. Wáyà tí kò tó 50mm² kò yẹ níbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó gùn. Fíùsì 250A gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà pósítíìfù, kó má jìnnà ju nǹkan bí 20cm sí bátìrì. Wáyà ni fíùsì ń dáàbò bò, kì í ṣe inverter. Ibi tí wáyà bá gùn dé kó tó kan fíùsì, kò sí ohun tó ń ṣọ́ ọ níbẹ̀.

Ẹ má lo wáyà ilé onírin kan ṣoṣo. Ògiri kì í mì, ọkọ̀ ń mì. Ìdí skúrù ni irin yẹn máa ti kán, iná á máa ṣẹ́ pàràpàrà lára pákó láìsí ẹni tó rí i. Èyí tó ní ọ̀pọ̀ irin wẹ́wẹ́ nínú ni kẹ́ ẹ rà. Gbogbo ibi tó bá ti gba inú ihò páànù kọjá, ẹ fi rọ́bà yí ẹnu ihò náà ká. Ẹ ya fọ́tò fíùsì àti wáyà kí káfíńtà tó kan pákó bò ó, torí lẹ́yìn ìyẹn kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa fi hàn wọ́n.

Panápaná oníyẹ̀fun méjì: ọ̀kan nítòsí awakọ̀, èkejì nítòsí bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì kò sì gbọdọ̀ dí ilẹ̀kùn pàjáwìrì.

Awakọ̀_Ìjerò:
Ẹ wo láísẹ́ǹsì ẹni tó máa wà á. Class B kò kọjá tọ́ọ̀nù mẹ́ta, Coaster tó kún sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. D tàbí E ni kó ní, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, comprehensive yín kò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá nílò rẹ̀. Omi lítà 200, kílò 200 nìyẹn. Ẹ gbé táńkì sílẹ̀ pátápátá, láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Bó bá wà lẹ́yìn, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára búréèkì níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n.

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti aṣọ inú rẹ̀ ńkọ́? Tí mo bá sì fẹ́ máa fi háyà fún àwọn tó ń lọ Ìkógosì lópin ọ̀sẹ̀?

Alágbàtà_Adó:
Ohun tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, bí sólà, inverter, bátìrì, táńkì àti bẹ́ẹ̀dì, ẹ kọ wọ́n sínú fọ́ọ̀mù lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye wọn. Èyí tó ṣeé gbé jáde, bí aṣọ àti tẹlifíṣọ̀n, inṣọ́ránsì ọkọ̀ kì í sábà san án. Ẹ gba ti dúkìá lọ́tọ̀.

Ẹ má dín iye kù nítorí kí owó lè kéré. Ẹ wò ó bóyá average, ìlànà tó ń dín owó tí wọ́n máa san kù bí iye tẹ́ ẹ kọ bá kéré ju iye ọkọ̀ lọ, wà nínú ìwé yín. Bó bá wà, tẹ́ ẹ sì kọ ₦18 mílíọ̀nù sórí ọkọ̀ ₦30 mílíọ̀nù, ìbàjẹ́ ₦5 mílíọ̀nù á di ₦3 mílíọ̀nù lọ́wọ́ yín. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa omíyalé àti ìjà ìgboro pẹ̀lú, torí owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbà lórí wọn.

Ti háyà yẹn, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó gba owó ẹnikẹ́ni. Bí ìwé bá ní ìlò ara ẹni, tí ẹni tó sanwó sì ń sùn nínú rẹ̀ ní Ìkógosì lọ́jọ́ tí iná ṣẹ́, wọn kò ní san kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí bròkà béèrè iye tí wọ́n máa gbà fún ìlò háyà báyìí, kẹ́ ẹ tó lọ yí nọ́ńbà sí búlúù, torí ìdáhùn wọn lè yí irú ìwé tẹ́ ẹ máa ṣe l'Adó padà.