Láàárín èsì àyẹ̀wò àti hóró oògùn àkọ́kọ́

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn:

Ọdún 2011 ni mo ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n fi sọ fún mi pé kòkòrò HIV wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Lásìkò náà, wọn kì í ṣàdédé gbé oògùn lé aláìsàn lọ́wọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ ka CD4, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ara tí kòkòrò náà ń pa. Bí iye rẹ̀ bá ṣì ju 350 lọ, wọ́n á ní kí onítọ̀hún máa lọ sílé, kí ó máa padà wá ṣe àyẹ̀wò lóòrèkóòrè. Tèmi ju 350 lọ. Mo lọ sílé lóòótọ́, n kò sì padà, nítorí kò yé mi ohun tí mo fẹ́ padà wá ṣe: wọ́n ti sọ ohun tó ń bá mi jà fún mi tán, wọn kò sì fún mi ní ohun tí n óo fi bá a jà. Ikọ́ ife ni ó padà gbé mi lọ síbẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti rù kan eegun. Èmi kò dá àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà náà lẹ́bi, ìlànà tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ìlànà náà kò rò ó pé ẹni tí a ní kí ó lọ dúró lè má dúró.

Ìyá Tómi, Abẹ́òkúta:

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú o. Tèmi yàtọ̀ pátápátá. Ibi tí mo ti lọ forúkọ oyún sílẹ̀ ní 2021 ni wọ́n ti yẹ̀ mí wò, kí n sì tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ti fi omi inú ọ̀rá gbé hóró oògùn kan mì. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi fún àwọn àyẹ̀wò yòókù, ṣùgbọ́n wọn kò ní kí n dúró de èsì wọn kí n tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí ní òun náà ti ń lo oògùn yìí tipẹ́, ó sì fi àwòrán àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọn kò ní kòkòrò náà hàn mí lórí fóònù. Òun ló kọ́ mi pé kí n ki òwú sínú ìgò náà, kí ó má baà máa dún wojowojo nínú báàgì bí mo bá wọ ọkọ̀. A tún fẹnu kò pé bí ó bá pè mí, ọ̀rọ̀ aṣọ ni a ó máa sọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìpè rẹ̀ wọlé níṣojú ọkọ mi: “Àǹtí, ṣé aṣọ yẹn bá yín lára mu?” Mo ní aṣọ náà kì í jẹ́ kí n sùn, ó ní kí n máa wọ̀ ọ́ láàárọ̀ dípò alẹ́. Ọkọ mi ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. (Mo padà sọ òtítọ́ fún un, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní.) Ìpè yẹn ló jẹ́ kí n padà lọ gba ìgò kejì. Ọmọ mi ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi báyìí, kò sì ní kòkòrò náà.

Nọ́ọ̀sì kan, Òṣogbo:

Ọdún 2015 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí gbogbo ẹni tó bá ní kòkòrò náà máa gba oògùn, iye yòówù kí CD4 rẹ̀ jẹ́, Nàìjíríà sì gba ìlànà náà wọlé ní 2016. Nígbà tó di 2017, àjọ náà fi kún un pé kí oògùn bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 7, tàbí lọ́jọ́ àyẹ̀wò gan-an bí aláìsàn bá ti ṣe tán. Ní orílẹ̀-èdè Lesotho, àwọn olùwádìí ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn nínú ilé wọn lọ́jọ́ àyẹ̀wò, wọ́n sì ní kí àwọn yòókù lọ sí ilé ìwòsàn gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Láàárín oṣù 3, nǹkan bí 69 nínú 100 àwọn tó gba oògùn nílé ló yọjú sí ilé ìwòsàn, nígbà tó jẹ́ 43 péré nínú 100 àwọn yòókù.

Ẹ wá wo 31 tó ṣẹ́ kù yẹn, nítorí àwọn gan-an ni iṣẹ́ wa. Mo ti rí ẹni tó gba oògùn kìkì kí ó lè tètè kúrò lójú wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bi wọ́n léèrè ibi tí wọn yóò gbé e sí nínú ilé, àti ẹni tó lè rí i níbẹ̀. Ẹni tí kò bá rí èsì fún mi, a kò tíì parí ọ̀rọ̀ wa. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí kò yẹ kí a kánjú fún, bí ẹni tí orí ń fọ́ gidigidi tí ọrùn rẹ̀ sì gan, nítorí bí àrùn bá ti wọ awọ tó bo ọpọlọ, oògùn HIV tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ lè dá kún ewu rẹ̀. Ìyẹn náà kò ní kí a dá a padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ìgò àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ti oṣù kan, oṣù yẹn ni mo sì máa ń ṣọ́ jù. Ẹni tí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti rọlẹ̀ lè máa gba ti oṣù 3 tàbí 6 lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní máa tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ìyá Tómi, ìdí òwú yẹn yé mi, ṣùgbọ́n òwú lè fa ọ̀rinrin wọnú ìgò; ẹ má sì yọ àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin mu kúrò nínú ìgò náà, ẹ má sì da oògùn náà sínú ìgò mìíràn.