Ẹ̀rọ iṣẹ́ ọnà láti Amẹ́ríkà: ṣé iná Ìjẹ̀bú-Òde yóò gbà á?

ÌBÉÈRÈ – Aránṣọ kan, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin ará wa. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo fi ń jẹun ní Ìjẹ̀bú-Òde láti bí ọdún 16 sẹ́yìn. Àbúrò mi obìnrin tí ó ń gbé ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ń bọ̀ wálé kí Ojúde Ọba tó kò, ó sì ní kí n ka gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ fún òun kí òun lè rà á bọ̀. Ẹ̀rọ tí ń fi òwú ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ ló gba iwájú lọ́kàn mi, nítorí pé bí Iléyá bá ti ń súnmọ́lé tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí wa, bá ń kó aṣọ wá, ẹlòmíràn ni mo máa ń gbé iṣẹ́ ọnà ọrùn bùbá àti agbádá fún, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èrè mi sì ń gbà lọ. Mo tún fẹ́ àyọ́ọ̀nù, bléńdà fún ilé, àti kọ̀ǹpútà alágbèéká pẹ̀lú fóònù fún ọmọ mi tí ó wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè.

Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ní èṣí, ẹnì kan fún mi ní àyọ́ọ̀nù tí ó kó bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Mo ra àdápítọ̀ kékeré sí i lẹ́nu, mo tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo sì gbé e lé léèsì oníbàárà. Kí n tó na ọwọ́ mú síṣọ́ọ̀sì, èéfín ti ń jáde níbi tí wáyà ti wọ inú rẹ̀, òórùn ike tó ń jó gba ṣọ́ọ̀bù kan, ojú ibi tí mo gbé e lé sì ti dúdú bí èédú. Èmi ni mo san owó léèsì náà. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí n ní kí ó rà nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, èwo sì ni kí ó fi sílẹ̀?

ÈSÌ – Oníṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná, Ṣàgámù

Màmá, ẹ kú ìnáwó léèsì yẹn. Ẹnu púlọ́ọ̀gì nìkan ni àdápítọ̀ ń yí padà kí ó lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Kò dín agbára iná kù rárá. 120V ni iná ilé ní Amẹ́ríkà, tiwa sì jẹ́ 230V sí 240V. Bí a bá fún ohun agbóná tí wọ́n ṣe fún 120V ní 240V, iná tí yóò gba inú rẹ̀ kọjá yóò di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ yóò sì di ìlọ́po mẹ́rin, tó fi jẹ́ pé àyọ́ọ̀nù 1,200W yóò fẹ́ ṣe iṣẹ́ 4,800W. Kò sí bí kò ṣe ní jóná.

Ẹ ní kí àbúrò yín má san owó kankan kí ó tó yí ìdí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sókè kí ó sì ya fọ́tò àkọlé kékeré tí ó wà níbẹ̀, tàbí ti ara ṣájà rẹ̀. Bí ó bá rí INPUT 100–240V, 50/60Hz (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ẹ̀rọ náà yóò ṣiṣẹ́ níhìn-ín láìsí wàhálà, àdápítọ̀ ni yóò kàn fẹ́. Ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká àti ti fóònù sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 120V, 60Hz nìkan ni ó rí, àfi kí ẹ ní tíráńsífọ́mà tí ń rẹ iná sílẹ̀. Tíráńsífọ́mà kò sì lè sọ 50Hz tiwa di 60Hz tiwọn, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má kó fíríìjì tàbí máíkírówéfù Amẹ́ríkà wá sí Rẹ́mọ.

ÈSÌ – Aránṣọ kan, Ìperu

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ní irú ẹ̀rọ tí ẹ ń wá yìí, 120V sì ni tèmi. Mo lò ó pẹ̀lú tíráńsífọ́mà fún oṣù mẹ́jọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi ní ọjọ́ tí mo lọ sí ọjà tí ọmọ iṣẹ́ mi fa wáyà rẹ̀ yọ kí ó lè gbá ilẹ̀, tí ó wá tì í bọ ara ògiri tààrà. Bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ jóná. Ẹni tí mo gbé e fún ní Èkó gba owó, ó sì dá a padà fún mi bí mo ṣe gbé e lọ. Láti Amẹ́ríkà ni mo ti rí bọ́ọ̀dù mìíràn gbà níkẹyìn. Láti ìgbà náà ni mo ti so púlọ́ọ̀gì rẹ̀ pọ̀ mọ́ tíráńsífọ́mà pẹ̀lú tẹ́ẹ̀pù pupa, mo wé e títí tí ọwọ́ ọmọdé kò fi lè tú u. Bí ẹ bá lè rí èyí tí ó gba 240V, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi owó kún un.

ÈSÌ – Ẹnì kan tí ó ti gbé ní London, Ìkẹ́nnẹ́

Àyọ́ọ̀nù àti bléńdà kò yẹ ní ohun tí a ń gbà láti Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá ní ènìyàn ní London, 230V àti 50Hz ni tiwọn, púlọ́ọ̀gì wọn sì ni onígun mẹ́rin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwa náà ń lò, nítorí náà kò sí ohun tí ẹ óò tún ṣe sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ro ìwúwo rẹ̀ nínú ẹrù, ẹ óò rí i pé ó sàn kí ẹ rà á níhìn-ín.

Ní ti fóònù, kí àbúrò yín béèrè èyí tí wọn kò tì mọ́ ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kí ó sì rántí pé láti orí iPhone 14 tí ó jáde ní 2022, àwọn iPhone tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà kò ní ojú ihò síìmù mọ́. eSIM nìkan ni wọ́n ń gbà, ìyẹn síìmù tí ó ti wà nínú fóònù fúnra rẹ̀ tí a kì í ti ike bọ̀. Kọ̀ǹpútà àti fóònù, inú báàgì ọwọ́ ni kí ó kó wọn sí nítorí bátìrì wọn.

ÌDÁHÙN – Aránṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín gidigidi. Mo ti yọ àyọ́ọ̀nù àti bléńdà kúrò. Àbúrò mi fi fọ́tò ìdí ẹ̀rọ iṣẹ́ ọnà náà ránṣẹ́ lálẹ́ àná: 120V, 60Hz, 65W. Bí mo bá fẹ́ lò ó bẹ́ẹ̀, irú tíráńsífọ́mà wo ni kí n rà, níwọ̀n bí iná àdúgbò wa ti ń lọ sókè sódò?

ÈSÌ – Oníṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná, Ṣàgámù

Màmá, ẹ má ra tíráńsífọ́mà tí ó bá 65W yẹn mu gẹ́lẹ́; ẹ ra 200W tàbí 300W kí ó má baà máa gbóná. Sitebiláísà ni kí ó kọ́kọ́ wà lára ògiri, kí tíráńsífọ́mà tẹ̀lé e, kí ẹ̀rọ wá kẹ́yìn, nítorí pé bí iná bá rọlẹ̀ sí 160V, nǹkan bí 80V péré ni tíráńsífọ́mà náà yóò fún ẹ̀rọ yín, yóò sì dúró sí àárín iṣẹ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà ní Ìperu ni mo fara mọ́. Kí ó wo ẹ̀rọ mìíràn kí ó tó sanwó èyí.

ÌDÁHÙN – Aránṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo ti sọ fún un. Ó ní ṣọ́ọ̀bù náà ní ẹ̀yà kejì tí ó wọ́n díẹ̀ ju èyí lọ, òun yóò sì lọ yí ìdí rẹ̀ wò ní ọjọ́ Sátidé. Bí fọ́tò náà bá ti dé ni n óò gbé e síbí kí ẹ bá mi kà á.