Bakingili lẹ́bàá Òkè Cameroon: kí la máa kó dání?

Àbẹ̀kẹ́ Kútọnu: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́ta fẹ́ lọ wo Bakingili, abúlé inú igbó tó wà lójú ọ̀nà Limbe sí Idenau, níbi tí òkè ayọnáyèéfín ti da lávà, ìyẹn àpáta yíyọ́ tó ti dì báyìí, sọdá títì lọ́dún 1999. Oṣù Kẹjọ la ní lọ́kàn. Ṣé bàtà kánfáàsì tó? Ṣé owó sẹ́fà tá à ń ná ní Kútọnu níbí máa ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún?

Bàbá Onímáàpù: Oṣù Kẹjọ kẹ̀! Debundscha tó wà nítòsí wọn wà lára ibi tí òjò ti ń pọ̀ jù láyé, nǹkan bíi mílímítà 10,000 lọ́dún. Ti Èkó ò tó ìdá márùn-ún rẹ̀. Ẹ sún un sí Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì.

Ẹ gbàgbé kánfáàsì. Lávà yẹn rí ṣágiṣàgi, etí rẹ̀ mú bí àfọ́kù ìgò, òkúta orí rẹ̀ ò sì lẹ̀ mọ́ra, ó lè yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Ewéko tó ti hù bò ó tún ń fi ihò pamọ́. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ṣòkòtò gígùn àti ìbọ̀wọ́ awọ ni kẹ́ ẹ wá, torí ọwọ́ lèèyàn máa ń fi gbalẹ̀ tó bá ń ṣubú.

Ìyá Ìbejì: Sẹ́fà ti Bẹ̀nẹ̀ kọ́ ni tiwọn o. Iye kan náà ni méjèèjì sí yúrò, àmọ́ báńkì tó ń tẹ̀ wọ́n yàtọ̀, kò sẹ́ni tó máa gba ti Kútọnu lọ́jà Limbe. Ẹ mú yúrò dání, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ ní Douala. Ẹ má gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú.

Ọmọ Òkè: Ẹ yọ Ọjọ́ Ajé kúrò nínú ètò yín. Látìgbà rògbòdìyàn àgbègbè Cameroon tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń tì, mọ́tò á sì wọ́n. Ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí ní Limbe kẹ́ ẹ tó gbéra. Pijin yín máa yé wọn. Ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà, kó fún yín lẹ́ni tó mọ̀nà. Kí kálukú gbé omi lítà méjì: pẹ̀lú gbogbo òjò yẹn, ilẹ̀ òkè náà ń fà á mu kíá ni, odò ò pọ̀ lára rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Kútọnu: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé a lè gba ibẹ̀ gun orí òkè?

Bàbá Onímáàpù: Ìlú Buea ni wọ́n sábà ń gbà gùn ún. Ó ga tó mítà 4,000 ó lé, òtútù orí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ ya ìyẹn sọ́tọ̀.