Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìtànṣán, kókó inú orí mi wú sí i: ta ló ti rí irú rẹ̀ rí?

Etí-Òsì:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ohun tí ojú yín rí gan-an ni mo fẹ́ gbọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó fún mi.

Tẹlifóònù ló kọ́kọ́ tú àṣírí ara mi. Bí mo bá gbé e sí etí òsì, ńṣe ló dà bíi pé ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀ kànga. Kò pẹ́ tí etí náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó tọ̀sán tòru, tí ẹsẹ̀ mi kò sì ranlẹ̀ mọ́ bí iná bá ti kú. Fọ́tò MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì ya inú ara, ló fi kókó kan hàn lára iṣan tó so etí pọ̀ mọ́ ọpọlọ. Wọ́n ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í tàn ká, àmọ́ bó bá ń dàgbà yóò máa ti ọpọlọ. Mo lè máa ṣọ́ ọ, mo lè jẹ́ kí wọ́n ṣí agbárí mi yọ ọ́, tàbí kí wọ́n fi ìtànṣán lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìtànṣán ni mo mú.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n de férémù irin mọ́ orí mi kí orí má bàa yẹ̀ rárá. Irin ṣóńṣó mẹ́rin ló dì í mú, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa ibẹ̀ kú ló dùn mí jù nínú gbogbo ohun tójú mi rí lọ́jọ́ náà. Wọ́n ya fọ́tò tuntun pẹ̀lú férémù lórí, mo sì jókòó dè wọ́n fún wákàtí mélòó kan bí wọ́n ṣe ń ṣírò. Nígbà tí mo wọnú ẹ̀rọ tán, ooru kò mú mi, nǹkan kan kò ta mí. 12 Gray ni wọ́n fún kókó náà (Gray ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tí ara gbà). Nírọ̀lẹ́, mo ti wà nílé.

Mo rò pé ó ti parí. Fọ́tò oṣù kẹfà jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, kókó náà tóbi ju bó ṣe wà kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀ lọ. Dókítà ní kí n fọkàn balẹ̀, ká dúró. Bí wọ́n ṣe ń dúró gan-an ni mi ò mọ̀. Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín? Kí ló wá tẹ̀ lé e?

Òṣìṣẹ́-Ìtànṣán:
Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń bá wọn ṣírò ìtànṣán, mo sì ti rí irú fọ́tò oṣù kẹfà yẹn ju bí mo ṣe lè kà lọ. Wíwú kì í ṣe àjèjì sí irú kókó tẹ́ ẹ ní.

Orúkọ ìtọ́jú yìí ló máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Lars Leksell, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ará Sweden, ló pè é ní iṣẹ́ abẹ onítànṣán lọ́dún 1951, nígbà tó ń wá bí wọ́n ṣe lè dé ìsàlẹ̀ ọpọlọ láìṣí agbárí. Òun àti Börje Larsson tó jẹ́ onímọ̀ físíìsì ló ṣe ẹ̀rọ Gamma Knife àkọ́kọ́, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Stockholm ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ọ̀bẹ wà nínú orúkọ rẹ̀, àmọ́ kò gé nǹkan kan. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, orísun cobalt, irin tó ń tú ìtànṣán jáde, 201 ló yí orí ká. Ìtànṣán ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lágbára tó láti ba ọpọlọ tó gbà kọjá jẹ́. Ibi tí gbogbo wọn ti pàdé nìkan ni agbára wọn ti pé. Ìdí nìyẹn tí férémù yín fi le gírígírí. Bí ibi ìpàdé yẹn bá fi mìlímítà méjì yẹ̀, iṣan ojú tàbí ìdí ọpọlọ ló máa jẹ ìyà rẹ̀.

Ohun tí ìtànṣán ń bà jẹ́ ni DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń darí sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì tó gba ọgbẹ́ yẹn lè wà láàyè títí di ọjọ́ tó bá fẹ́ pín sí méjì, ìgbà yẹn ló ń kú. Kókó bíi tiyín kì í sáré dàgbà, nítorí náà kì í sáré kú. Láàárín àkókò náà, inú rẹ̀ ń bàjẹ́, omi ń wọ̀ ọ́, ó ń wú. Ẹ bi dókítà pé: nínú fọ́tò tí wọ́n gún yín lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yà, ṣé àárín kókó náà ti dúdú? Kí wọ́n gbé ti ọjọ́ ìtọ́jú àti ti oṣù kẹfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú yín. Àárín tó dúdú sábà máa ń jẹ́ àmì pé ìtànṣán ti ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí orí bá ń fọ́ yín gan-an, tí ẹ ń bì, tàbí tí ojú yín ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn o.

Ìyàwó-Rẹ̀:
Ẹ kú ìfaradà, ẹ̀gbọ́n. Ti ọkọ mi yàtọ̀: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló tàn dé ọpọlọ, ibi mẹ́ta. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé èyí tó kéré jù ni wọ́n fún ní ìtànṣán tó lágbára jù. Wọ́n ní bí kókó bá ṣe ń tóbi ni ọpọlọ tí ìtànṣán ń kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i, nítorí náà wọ́n lè lo 24 Gray fún èyí tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, kí wọ́n sì já a wálẹ̀ sí 15 fún èyí tó lé ní 3.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan wú. Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún ọkọ mi. Fọ́tò kò lè sọ bóyá jẹjẹrẹ ló padà, tàbí ibi tí ìtànṣán ti pa nínú ọpọlọ ló ń wú. N kò tíì rí ohun tó ń jẹ èèyàn lọ́kàn bí àìmọ̀ yẹn. Wọ́n fún un ní dexamethasone, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀. Ọwọ́ padà sípò láàárín ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ oorun dá lójú rẹ̀, ojú rẹ̀ wú, ṣúgà rẹ̀ gòkè, ó sì ń bínú sí gbogbo wa. Ọkọ mi kì í bínú tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fún èèyàn yín ní oògùn yẹn, ẹ jẹ́ kí ará ilé tètè mọ̀ pé oògùn ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ má sì dá a dúró lójijì fúnra yín.

Bí wọ́n ṣe ń dín in kù ni ọwọ́ tún ń rọ. Ooru ni wọ́n wá lò. Wọ́n lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí agbárí, wọ́n mú díẹ̀ lára ibi tó wú lọ yẹ̀ wò, wọ́n ti okùn laser, ìmọ́lẹ̀ tó lágbára gan-an, gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n sì fi ooru se é láti inú. Inú ẹ̀rọ MRI ló wà tí wọ́n fi ṣe é, kí wọ́n lè máa fojú rí bí ooru ṣe ń tàn, kó má kọjá ààlà. Ẹran òkú ni wọ́n bá nínú rẹ̀, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sunkún.

Àbúrò-Kan:
Ooru tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbà yàtọ̀ sí ti ọkọ àǹtí yìí. Tiwọn kì í se ẹran, ńṣe ló ń ran ìtànṣán lọ́wọ́. Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ni. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gba ooru, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, lórí ìtànṣán tí wọ́n ń gbà lọ. Àpò omi yóò yí ìbàdí wọn ká, ẹ̀rọ yóò máa rán ìgbì bíi ti rédíò gba inú omi náà, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọn ooru yóò sì wà nínú ara wọn. Ìwọ̀n Celsius 41 sí 43 ni wọ́n ń wá, fún bíi wákàtí kan. Òógùn á bò wọ́n. Èmi ni mo máa ń fi aṣọ tútù nu ojú wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í fẹ́ yọ èèyàn lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ibì kan ń jó wọn lábẹ́ ìdodo, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọ̀rá abẹ́ awọ ló jóná níbẹ̀, ó le bí òkúta, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó rọ̀. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀, ẹ pariwo! Wọ́n á yí ẹ̀rọ padà, wọ́n á sì máa bá ìtọ́jú lọ.

Mo ka ìwádìí tí wọ́n gbé e lé. Ní Netherlands ni, aláìsàn 358 tó ní jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀, ọrùn ilé ọmọ tàbí ìsàlẹ̀ ìfun. Àwọn kan gba ìtànṣán nìkan, àwọn yòókù gba ooru mọ́ ọn. Ọdún 2000 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Nínú àwọn tó ní ti ọrùn ilé ọmọ, 27 nínú 100 ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta láìgba ooru, ó sì jẹ́ 51 láàárín àwọn tó gbà á. Inú mi dùn débi pé mo kọ ọ́ sára ògiri. Dókítà ló rán mi létí pé wọn kì í da oògùn jẹjẹrẹ pọ̀ mọ́ ìtànṣán nínú ìwádìí yẹn bí wọ́n ṣe ń ṣe báyìí, nítorí náà n kò lè gbé iye yẹn lé ẹ̀gbọ́n mi lórí tààrà. Ẹ̀gbọ́n mi ti lo ọdún mẹ́rin báyìí. N kò lè sọ pé ooru ló ṣe é. N kò sì lè sọ pé òun kọ́.

Ọmọ-Bàbá:
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè fi rọ́bà omi gbígbóná lé ibi tí kókó wà nílé? Ti bàbá mi wà nítan.

Òṣìṣẹ́-Ìtànṣán:
Rárá o, mo bẹ̀ yín. Awọ ni yóò bó, pàápàá awọ tí ìtànṣán ti kàn, tó lè má tètè mọ ìgbóná. Ooru omi yẹn kò ní dé inú kókó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti dé dáadáa nínú kókó, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ọ́síjìn wọn kò tó máa ń le sí ìtànṣán, àwọn yẹn náà ni ooru sì ń mú jù. Ooru tún ń dí sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti tún DNA rẹ̀ ṣe. Àwa pàápàá kì í fún èèyàn lójoojúmọ́: sẹ́ẹ̀lì tó bá la ooru òní já máa ń le sí ti ọ̀la, ó ń tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí líle yẹn tó rọ̀.

Ó-Tún-Dàgbà:
N kò fẹ́ kí Etí-Òsì gbọ́ apá kan ṣoṣo. Irú kókó tiyín ni mo ní. Ó wú ní oṣù kẹfà, a dúró. Ó wú ní ọdún kejì, a dúró. Ní ọdún kẹta ó ṣì ń dàgbà, wọ́n sì ṣí agbárí mi nígbẹ̀yìn. Ó ti lẹ̀ mọ́ iṣan ojú, wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ kí ojú mi má bàa wọ́. Wọ́n ní ìwọ̀nba èèyàn ló ń rí bẹ́ẹ̀. Mo wà nínú ìwọ̀nba náà. Dídúró kọ́ ni mo kábàámọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé n kò béèrè níbẹ̀rẹ̀ pé: títí dìgbà wo? Ẹ béèrè.

Etí-Òsì (ọdún kan lẹ́yìn náà):
Mo padà wá. Oṣù kejìdínlógún lẹ́yìn ìtànṣán rèé. Mo béèrè ìbéèrè méjèèjì. Àárín kókó náà ti dúdú láti inú fọ́tò oṣù kẹfà, kò kàn sẹ́ni tó fi hàn mí nígbà náà ni. Ọdún mẹ́ta ni dókítà dá fún mi: bó bá ṣì ń dàgbà nígbà náà, a óò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Fọ́tò ọ̀sẹ̀ yìí fi hàn pé ó ti súnkì padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ ìtọ́jú, ó tiẹ̀ dín díẹ̀. Etí òsì kò là, híhó rẹ̀ kò sì dáwọ́ dúró. Ọ̀tún ni mo fi ń gbọ́ tẹlifóònù.

Ó-Tún-Dàgbà, báwo ni ojú? Àbúrò-Kan, ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín. Oṣù mẹ́fà sí i ni fọ́tò tó kàn, n óò sọ ohun tí wọ́n bá rí fún yín.