Oscilloscope àkọ́kọ́ mi: báwo ni mo ṣe lè wo ẹ̀gbẹ́ 230V ínfátà?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ínfátà ni mò ń tún ṣe n'Ìbàdàn. Wọ́n dín owó oscilloscope Rigol DS1054Z (ẹ̀rọ tó ń fi bí iná ṣe ń gòkè sọ̀kalẹ̀ hàn bí ìlà lójú rẹ̀) kù, mo sì rà á. Mo fi probe (wáyà tí a fi ń kan ibi tí a fẹ́ wò) sí 10X, tó ń dín iná kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, mo fi kan ibi ìdánwò 1 kHz tó wà níwájú oscilloscope náà, mo sì rọra yí skúrù kékeré ara probe títí igun ìlà náà fi gún régé. Ẹ̀gbẹ́ bátìrì 12V ń hàn kedere: iná gate MOSFET (ẹsẹ̀ tó ń tan MOSFET, ìyẹn transistor tó ń ṣe bíi súíìṣì, tó sì ń pa á) ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó dùn ún wò gan-an!

Ẹ̀gbẹ́ 230V ló ká mi lọ́wọ́ kò. Kílíìpù dúdú ara probe so mọ́ wáyà ilẹ̀ (earth) láti inú pílọ́ọ̀gì oscilloscope; bó bá kan iná, nǹkan lè jó. Wọ́n ní kí n gé wáyà ilẹ̀ oscilloscope, mo kọ̀, torí ó lè pa èèyàn.

Ṣé kí n lo probe méjì, kí oscilloscope yọ iná CH2 (ojú ìwọlé kejì) kúrò lára ti CH1 (ti àkọ́kọ́), àbí dandan ni kí n ra differential probe, ìyẹn probe tó ń wọn ìyàtọ̀ iná láàárín ibi méjì láìso èyíkéyìí mọ́ wáyà ilẹ̀?